Omi Ẹsẹ̀ ní Ilé Ẹlẹ́numẹ́ta

Dọ́káàsì ti gun àkàbà dé ìdajì kí ó tó rántí pé òun kò bọ́ bàtà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ ọ, ó tún gùn ún. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ń kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìdáyátù," wọ́n sì ń yára kọjá, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a rí ẹ̀rín lẹ́nu òun. Ta ni kò mọ̀? Òfin ní kí atún-ẹ̀rọ-ṣe yẹ ẹ̀rọ ilé wò ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó tuntun bá máa wọlé. Atún-ẹ̀rọ-ṣe kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìsàlẹ̀ Òkè-Ìkúukùu, òun náà sì ni ìyálé ilé tí ìyàwó ń bọ̀. Àwọn tó ṣòfin kò ronú débẹ̀. Òfin dà bí aṣọ tí a rán sílẹ̀ kí a tó rí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ibì kan á fún, ibì kan á ṣò.

Ẹ̀rọ náà wà lókè ẹnu ọ̀nà, lára ògiri iwájú ilé. Ẹlẹ́numẹ́ta ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ní ẹnu idẹ mẹ́ta, tí ìkọ̀ọ̀kan kò tóbi ju ẹnu ìgò lọ, ó sì ní ojú dígí kan láàrin wọn. Ẹnu kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ẹni tó ni ín, ojú sì ń funfun fún òótọ́, ó ń pọ́n fún irọ́.

"Ìyàwó mi," ni Ìyá Àgbà Ọ̀ṣunbíyìí ké sí i láti orí ẹní nísàlẹ̀, níbi tó ti ń pa ẹ̀gúsí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. "Ṣé ojú rẹ̀ ṣì ń pọ́n dáadáa?"

"Ó ń pọ́n, Ìyá."

"Ó ṣe. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Ní ìjẹta, ìyàwó Adégòkè wá tọrọ ẹ̀gúsí. Mo ní ẹ̀gúsí mi ti tán. Kí n tó pa ẹnu dé, ojú ẹ̀rọ yìí ti pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Mo bu abọ́ méjì fún un pẹ̀lú ìtìjú. Èèyàn ò lè ṣahun nínú ilé ara rẹ̀ mọ́ láyé yìí."

Dọ́káàsì kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ mìíràn ìbá rẹ́rìn-ín títí àkàbà yóò fi máa mì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó tì í bọ ihò ìdérí ẹ̀rọ, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìyí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, bí ó tilẹ̀ ń dunni. Múníru ọkọ rẹ̀ àti Làmídì ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí òkè, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀n mú ìkúukùu, tí ìkúukùu fi ń di omi tí ìlú ń mu. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ìjì gbá Làmídì bọ́ láti orí òpó àwọ̀n. Ó fi opó sílẹ̀, Mùíbátù, àti ilé tí kì í ṣe tirẹ̀; ilé àwọn oníṣẹ́ àwọ̀n ni. Ẹlòmíràn ti gba ipò olóògbé, ó sì fẹ́ kó ẹrù wọlé.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí délé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ dúró síwájú ẹ̀rọ. Múníru bi ẹnu idẹ tó jẹ́ tirẹ̀, èyí tí òkúta àwọ̀ ewé wà lẹ́yìn rẹ̀, torí mùsùlùmí ni. Ẹnu náà ní kí a dáàbò bo opó. Pé bí ọkùnrin bá lè ṣe déédéé láàrin wọn, ó lè fẹ́ ẹ kún tilé, ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rù pé òun ò ní lè ṣe déédéé, kí ó dúró lórí ẹyọ kan. Dọ́káàsì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìsàlẹ̀, bi ẹnu tirẹ̀, èyí tó ní òkúta funfun. Ó ní kí a bẹ opó wò nínú ìpọ́njú rẹ̀, kí a sì bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ìyá Àgbà, tó ń bọ òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ láti kékeré, bi ẹnu tó ní òkúta pupa bí osùn. Ó ní a kì í fi opó sílẹ̀ fún òjò; ará ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò ṣú u lópó, bí kò bá sì ní àbúrò ọkọ, kí ọ̀rẹ́ tó dà bí àbúrò dìde.

Ẹ̀rọ kan. Ọjọ́ kan. Opó kan. Ẹnu mẹ́ta sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ojú kan náà sì funfun bí wàrà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ìyá," ni Dọ́káàsì wí, ó ṣì di kọ́kọ́rọ́ mú. "Báwo ni òótọ́ ṣe ń jẹ́ mẹ́ta?"

Ìyá Àgbà fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́. "O ò tíì ní orogún, ìdí nìyẹn tí o ò fi mọ̀. Àwa mẹ́rin ni bàbá ọkọ rẹ fẹ́. Bó bá wọ yàrá mi, á ní, 'Ọ̀ṣunbíyìí, ìwọ nìkan lọkàn mi fẹ́.' Mo gbà á gbọ́. Nígbà tó kú, tí a jókòó opó, tí kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ju ọ̀rọ̀ lọ, a wá rí i pé ohun kan náà ló sọ fún gbogbo wa. Ìyálé ní irọ́ ni a ń pa mọ́ òkú. Ẹnì kejì bú sẹ́kún. Ẹnì kẹta ní ó lè jẹ́ pé ó sọ fún gbogbo wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti òun ló ti ọkàn wá."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi? Mo mọ̀ pé tèmi nìkan ló jẹ́ òótọ́. Mo ṣì mọ̀ ọ́n dòní." Ó gbé ojú sókè wo ẹ̀rọ. Ojú dígí náà funfun. "Ṣó o rí i? Bí ẹ̀sìn ṣe rí nìyẹn, ìyàwó mi. Kì í ṣe pé orogún rẹ ń parọ́. Ṣùgbọ́n bí ti orogún rẹ bá jẹ́ òótọ́, kí ló kù fún ọ?"

"Kì í ṣe ti òótọ́ nìkan. Ti ìwà ńkọ́? Gbogbo wa ló ní kí a ṣe rere."

"Gbogbo wa ló ní kí opó má sùn síta. Ibi tí yóò wá sùn sí gan-an ni ìjà wà."

Dọ́káàsì yí kọ́kọ́rọ́.

*

Kì í ṣe ẹ̀sìn ló ń dùn ún jù. Bí a bá ní ká sọ tòótọ́, àwàdà ni. Múníru ní àwàdà kan nípa ìjàpá tó fẹ́ gun òpó àwọ̀n. Láti ọdún mẹ́tàlélógún ni Dọ́káàsì ti ń gbọ́ ọ, ó ti gbó létí rẹ̀ bí aṣọ ìnulẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó gbé oúnjẹ lọ fún opó Làmídì, Múníru sì bá a lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ àwàdà náà. Mùíbátù rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tẹ̀ síwájú, ẹ̀rín náà sì ń ti àárín ìka rẹ̀ jáde. Múníru dúró bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà sí ọmọ ogún ọdún. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń ti orí òkè bọ̀, a máa rọra kọrin sínú.

Ìyẹn ni Dọ́káàsì kò lè gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni yóò dìde ní ìjọ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà nítorí ẹ̀rín?

Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́: "Òrìṣà jẹ́ n pé méjì" obìnrin, kò dénú.

Òkúta mẹ́ta náà jókòó sínú ihò wọn, kò sí èyí tó tóbi ju ẹyọ ẹ̀pà lọ. Iṣẹ́ Dọ́káàsì kò ju kí ó nu eruku wọn, kí ó sì pa ìdérí dé. Òkúta a máa fi gbogbo ìbéèrè ẹni tó ni ín pamọ́. Bí atún-ẹ̀rọ-ṣe bá fi orí kọ́kọ́rọ́ kan òkúta, tó sì gbé etí lé ìdí kọ́kọ́rọ́ náà, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èèwọ̀ iṣẹ́ ni. Ọdún mọ́kànlá tí ó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò ṣe é rí, kódà nílé àwọn ọ̀tá rẹ̀.

Ó fi í kan òkúta àwọ̀ ewé.

Ohùn ọkọ rẹ̀ dé etí rẹ̀, ohùn kékeré, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. "Tí ọkùnrin bá fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ ńkọ́?"

Ẹnu dáhùn pé, "Ọkàn kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ. Ọjọ́, oúnjẹ àti aṣọ ni a ó bi ọ́ léèrè."

Ó tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀kan wo? Ta ni èkejì? Ó ń tẹ́tí sí bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè lórí "ọ̀kan," bóyá orúkọ kan fara pamọ́ síbẹ̀. Kò sí orúkọ.

Ó wá gbọ́ ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. "Ṣé mo lè sọ fún ti ilé pé mi ò fẹ́ràn èyí tó ń bọ̀, pé àánú lásán ni, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀?"

"Àyè wà fún ọ̀rọ̀ tí ọkọ fi ń tọ́jú àlàáfíà ilé rẹ̀," ni ẹnu wí. "Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni?"

Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́ atẹ́gùn. Ó gbọ́ adìyẹ kan. Ó gbọ́ ìró bàtà ọkùnrin tó ń lọ láìdáhùn.

"Ìyàwó mi, o pẹ́ lókè níbẹ̀ o," ni Ìyá Àgbà wí.

"Eruku rẹ̀ pọ̀ ni, Ìyá." Dígí pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bò ó títí tó fi padà sí funfun.

Ó yọ òkúta funfun, ó yọ òkúta àwọ̀ ewé, ó sì fi ọ̀kan sí ipò èkejì. Ohùn ẹnu ọkọ rẹ̀ kò ní yí padà, nítorí inú idẹ ni ohùn wà, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló wà nínú òkúta. Ohùn àgbà afáà tó máa ń ti ibẹ̀ jáde ni yóò ṣì jẹ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò yí. Bí Múníru bá bèèrè níwájú gbogbo èèyàn lónìí, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé rárá. Kò sì sí ẹni tí yóò dá òun lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra òun bá sọ pé rárá, òfin ní kí ilé pín. Gbogbo ilé tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ ló ní ògiri tó sùn sábẹ́ ilẹ̀ láàrin àgbàlá. Ó rí ojú ibẹ̀ láti orí àkàbà: ìlà tín-ínrín kan tí koríko kì í hù sí, tí adìyẹ máa ń fi ẹsẹ̀ tan. Ó ti rí i tí ó dìde nílé àwọn ẹlòmíràn. Kò rí ọ̀kan tó padà wọlẹ̀.

"Kì í ṣe irọ́," ni ó sọ fún ara rẹ̀ bí ó ti ń ti ìdérí. "Òótọ́ ni mo kàn gbé láti ẹnu kan sí ẹnu kejì."

*

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni Mùíbátù dé. Kò sí ìlù, nítorí opó ni. Apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan ń rìn tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó ń kọsẹ̀ níbi òkúta, ó ń dìde. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, eruku pupa sì ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyálé ni yóò da omi sí ẹsẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá dà á, ìyàwó kò wọlé. Kèrègbè omi náà wà lọ́wọ́ Dọ́káàsì, ìpín omi ilé fún odidi ọjọ́ méjì.

Bàbá Ẹlẹ́rìí, Gbádégẹṣin, tí ìlú yàn láti máa jókòó sí irú ọ̀rọ̀ báyìí, yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó sì fi í sójú padà. Ọkùnrin arúgbó tí kì í kánjú ni. "Múníru, bèèrè."

Múníru dúró nínú agbádá funfun tí Dọ́káàsì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀. "Ṣé ó tọ́ kí n mú obìnrin yìí wọlé ní aya?"

Ẹnu tirẹ̀ dáhùn pẹ̀lú ohùn àgbà afáà: "Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Èyí tó bá lé, ìwọ lo fi kún un."

Ojú ẹ̀rọ funfun gbòò. Àwọn èèyàn kùn. Ẹnì kan ní, "Háà, afáà ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì!" ẹnì kejì sì gbá a lẹ́yìn pé kó dákẹ́.

Dọ́káàsì retí kí èjìká ọkọ rẹ̀ rọ̀. Kò rọ̀. Múníru wo ẹnu idẹ náà bí ẹni tó rí àjèjì nínú aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí dára," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé kéú tèmi ló ti wá. Bàbá Ẹlẹ́rìí, kí n tó mọ bí a ṣe ń de okùn ṣòkòtò ni mo ti há ìwé mi sórí. Bí ẹ̀rọ bá gbàgbé, èmi ò gbàgbé."

Gbádégẹṣin dìde. "Ẹnì kan ti yí ẹnu rẹ padà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe é kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ láyé rẹ̀, yóò sì dáhùn ìbéèrè kan níwájú gbogbo ìlú. Ta ló gun àkàbà lónìí?"

Gbogbo ojú ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ Dọ́káàsì, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí Múníru fi sọ̀rọ̀.

"Èmi ni. Mo fẹ́ nu eruku. Òkúta bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ bí mo ṣe dá wọn padà."

Ojú ẹ̀rọ pọ́n. Ó pọ́n bí ẹ̀yin iná, ó tàn sórí agbádá funfun náà, ó tàn sójú gbogbo èèyàn.

"Múníru," ni Gbádégẹṣin pè é jẹ́jẹ́. "Wo ojú yẹn."

"Mo rí i. Èmi ni mo ní èmi ni."

Ó tún pọ́n sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan ẹ̀rọ mọ́ ògiri yẹn, Múníru kò parọ́ níwájú rẹ̀ rí, kódà nípa ẹja tó jẹ lábẹ́ àwẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣàìsàn. Dọ́káàsì kò wo ọkọ rẹ̀. Mùíbátù ni ó wò. Ó rí i tí obìnrin náà wo iná pupa, tó wo Múníru, tó wá wo òun, tí ẹnu rẹ̀ sì fún díẹ̀. Ó ti yé e. Gbogbo ìlú ló ti yé. Inú Dọ́káàsì dùn, irú dídùn tí kò yẹ kó wà lọ́kàn ẹni tó ń gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ó fẹ́ kí iná náà máa tàn bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kò lè gbà á. Ó gbìyànjú láti gba irọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi bò ó, kò lè gbà á.

"Èmi ni," ni ó wí.

Ojú ẹ̀rọ funfun.

Múníru sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló dé tí o ò dákẹ́? Ẹ̀sìn mi gbà mí láàyè láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bò ọ́."

"Tèmi ò gbà mí láàyè láti sá sábẹ́ rẹ̀."

"Mo ti gbé e fún ọ, Ìyá Ìdáyátù. Mo ti gbé e tán."

"Ẹ ò lè gbé e fún mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kì í ṣe igi ìdáná tí ọkọ ń bá ìyàwó rù."

Ó wò ó bí ẹni tí a da oúnjẹ rẹ̀ nù lójú rẹ̀. Ohun rere ló ṣe, ó mọ̀ pé ohun rere ni. Ìyàwó rẹ̀ sì pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún mẹ́tàlélógún, wọn kò tíì jìnnà síra wọn tó báyìí, wọn kò sì tíì fẹ́ràn ara wọn tó báyìí.

Gbádégẹṣin ní kí ó tún ohun tó yí ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Dọ́káàsì gun àkàbà, ó dá òkúta padà sí ipò wọn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ọdún mọ́kànlá lé ọwọ́ àgbà náà. Ọrùn rẹ̀ fúyẹ́, ó dà bí pé kì í ṣe tirẹ̀.

"Ó wá ku ìwọ," ni Gbádégẹṣin wí. "Ìyálé, ṣé o fara mọ́ ọn kí obìnrin yìí wọlé ní aya?"

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ojú ẹ̀rọ pọ́n, kí ìtìjú rẹ̀ di méjì.

"Rárá," ni ó wí. "Ẹ̀sìn mi ò gbà á. Bó bá tilẹ̀ gbà á, èmi ò gbà á. Owú ń jẹ mí. Ó ń jẹ mí láti orí ẹní, ó ń jẹ mí dé ìdí ààrò. Bí obìnrin yìí bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń fẹ́ kí eyín rẹ̀ bọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú àwọn obìnrin, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ojú ẹ̀rọ funfun bí òwú.

"Ó dára," ni Gbádégẹṣin wí, bí ó tilẹ̀ hàn pé kò dára lójú rẹ̀. "Ilé á pín. A kì í gbéyàwó nínú ilé tó bá pín títí ọdún mẹ́ta yóò fi pé. Kálukú mọ apá tirẹ̀."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ mì. Láti inú ìlà tí adìyẹ ń tan, ògiri aláwọ̀ eérú kan bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, jẹ́jẹ́, bí eyín ọmọ tuntun. Adìyẹ fò sókè. Múníru bọ́ sí apá tirẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fa ẹní rẹ̀ sí apá Dọ́káàsì. "Ẹ má wò mí. Ibi tí ẹ̀gúsí mi wà ni mo wà."

Mùíbátù ṣì dúró lójú ọ̀nà. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé kí n máa padà?" ni ó bi afẹ́fẹ́. "Wọ́n ti ń kó ẹrù wọ ilé tí mo ti jáde."

Múníru yí ojú sí i láti apá tirẹ̀. Ẹ̀sìn tirẹ̀ kò gbà kí ó gba obìnrin tí kì í ṣe aya rẹ̀ sílé. Òun náà ni a dè báyìí, òun tó ti ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí àyè tí ẹnu idẹ rẹ̀ fún un láti oṣù méjì.

Dọ́káàsì wo ẹsẹ̀ tó pọ́n fún eruku náà. Ó mọ ohun tí ẹnu òkúta funfun sọ nípa opó. Kò nílò ẹ̀rọ láti rán an létí. Ó bínú sí i pé ó sọ ọ́.

"Bàbá Ẹlẹ́rìí, ṣé òfin ní kí n má gba àlejò ní apá tèmi?"

Gbádégẹṣin ronú. "Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Wọlé," ni Dọ́káàsì sọ fún Mùíbátù.

"Ìyálé mi..."

"Má pè mí ní ìyálé. Mi ò lọ́kọ pẹ̀lú ẹ."

"Kí ni kí n wá máa pè yín, mà?"

"Ìyá Ìdáyátù, bí gbogbo ayé."

Mùíbátù kò tíì gbé ẹsẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Dọ́káàsì. "Ìyá Ìdáyátù, ẹ má bínú. Ṣé nítorí Ọlọ́run lẹ ṣe ń gbà mí, àbí nítorí kí ẹ lè máa ṣọ́ mi?"

Gbogbo èèyàn gbójú sókè sí dígí náà. Dọ́káàsì náà gbójú sókè.

"Méjèèjì," ni ó wí.

Ó funfun.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù. "Ó parí! Ọmọ mi wá opó, aya rẹ̀ ló gbé e!"

Dọ́káàsì gbé kèrègbè sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. "Fọ ẹsẹ̀ rẹ fúnra rẹ. Má da gbogbo ẹ̀, àá mu níbẹ̀ lọ́la."

*

Kí oòrùn tó wọ̀, ògiri ti ga ju orí èèyàn lọ. Àlàfo kékeré kan wà láàrin rẹ̀, tí kò fẹ̀ ju abọ́ lọ, nítorí òfin kò fẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni. Mùíbátù ní òun kò lè jókòó lásán nílé onílé, ó bá wọ ilé ìdáná. Dọ́káàsì jẹ́ kí ó se ọbẹ̀ alẹ́ nítorí ó rẹ òun. Nígbà tó jinná, Dọ́káàsì fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ náà wò.

Ó dùn. Ó dùn ju tirẹ̀ lọ, irú dídùn tí ọkùnrin máa ń rántí lórí òkè.

Ó bu iyọ̀ kún un. Ó wo ẹ̀yìn, ó tún bu díẹ̀ sí i. Mùíbátù rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, kì í sì ṣe ẹ̀rín ló ń bò.

"Jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ," ni ó wí.

"Jókòó. Ọwọ́ mi ni yóò máa kọjá níbẹ̀."

Ó ti abọ́ náà bọ àlàfo. Ọwọ́ kan gbà á ní apá kejì. Ó mọ ọwọ́ náà, àpá okùn àwọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó fi etí kọ́ ògiri, ó gbọ́ tí ó jókòó, tí ó ṣe bísímílà, tí ó bu òkèlè àkọ́kọ́.

"Ìyá Ìdáyátù," ni ohùn Múníru wí. "Ta ló se ọbẹ̀ yìí?"

Ìyá Àgbà dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí. Mùíbátù gbé orí sókè. Ẹ̀rọ ti jìnnà síbi yìí. Ojú rẹ̀ kò dé ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

"Mùíbátù ló sè é," ni Dọ́káàsì wí. "Èmi ni mo ba iyọ̀ rẹ̀ jẹ́."

Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tó bu òkèlè kejì, tó tún bu ẹ̀kẹta; Dọ́káàsì sì dúró níbẹ̀, ó ń ka òkèlè náà, títí ọkọ rẹ̀ fi jẹ ẹ́ tán.